Eré bọ́ọ̀lù àti apá ọmọ: ìjíròrò lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù nínú béésìbọ́ọ̀lù

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 13, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù kan. Ẹ̀rọ rédà sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó yára jù lọ ń sá máìlì 62 láàárín wákàtí kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní kò tó. Ó ní kí n ra bọ́ọ̀lù tó wúwo fún un, kí ó máa jù ú lójoojúmọ́, kí ó sì máa fi gbogbo ọdún ju bọ́ọ̀lù láìdúró. Bàbá ọmọ mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà ní kí n má dá a lóhùn, pé ìṣọwọ́jù ọmọ ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń rẹlẹ̀ jù. Ẹnì kẹta ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé bó bá dàgbà, eré, ìyẹn ìyára bọ́ọ̀lù rẹ̀, yóò dé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá mi lóhùn; ohun tí mo lè ṣe ni kí ẹ sọ fún mi.

* * *

Ẹnì kẹta ló sún mọ́ òtítọ́ jù lọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán, nítorí pé kò sọ ohun tí ọmọ yóò máa ṣe títí eré náà yóò fi dé. Ẹnì kejì rí nǹkan kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó tọ́ka sí kọ́ ni àléébù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mo ta kò gidigidi, kì í sì í ṣe torí bọ́ọ̀lù tó wúwo nìkan. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó fẹ́ kí ọmọ fi gbogbo ọdún jù.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò béèrè. Ṣé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí pápá àwọn ọmọ kékeré ni? Lábẹ́ òfin Little League, ìdíje béésìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún 12 ń ju bọ́ọ̀lù láti ibi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 46 jìnnà sí béèsì ilé, níbi tí ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ń dúró. Bó bá gòkè dé pápá ńlá, ó di ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6, ìyẹn mítà 18.44, bí ó ti wà láti ọdún 1893. Bọ́ọ̀lù náà kò fúyẹ́ sí i: áúńsì 5 sí 5 àti ìdá mẹ́rin ni ìwúwo rẹ̀ fún ọmọ àti fún àgbà. A wá ní kí ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì yí padà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò rìn. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká wọ́ bọ́ọ̀lù, yóò máa tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa ṣí àyà kó tó yẹ. Àwọn tó ń wò ó yóò ní kò mọ̀ ọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ló gùn ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí ó máa ti ẹsẹ̀ bàtà 50 tàbí 54 ṣe ìdánrawò fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì wo iye àléébù tí yóò lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

* * *

Ó ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tún sọ pé ìgbọ̀nwọ́ tó rẹlẹ̀ ń dín eré kù, ó sì ń ba apá jẹ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí eré ti ń wá, kí a lè rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ṣi àwọn òbí lọ́nà.

Ilẹ̀ ni eré bọ́ọ̀lù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbé ara lọ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú yóò balẹ̀, yóò sì di ọ̀pá tí ara fi ń dúró, ìbàdí yóò yí, lẹ́yìn náà ni àyà àti èjìká yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nwọ́ yóò nà, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò ní ìka ọwọ́. Ó dà bí pàṣán: ọwọ́ tó di ìdí rẹ̀ mú kò sáré púpọ̀, síbẹ̀ ṣóńṣó rẹ̀ ni ó ń dún. Ní American Sports Medicine Institute ní ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí dókítà James Andrews dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, wọ́n ti fi kámẹ́rà wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajubọ́ọ̀lù, wọ́n sì rí i pé apá òkè àgbà ajubọ́ọ̀lù ń yí nínú èjìká ní nǹkan bí dígírì 7,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tó ń lọ́ ìgbọ̀nwọ́ lákòókò kan náà tó nǹkan bí níútọ̀n-mítà 64. Kò sí iṣan tí ó lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ pilẹ̀ láti inú apá nìkan. Bí ẹsẹ̀ àti ìbàdí bá kọ̀ láti ṣe ipa tiwọn, ọmọ yóò wá a nínú èjìká, ibẹ̀ sì ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìgbọ̀nwọ́, àkókò kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì láti wò ó, ìyẹn ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní àkókò yẹn, apá òkè yẹ kí ó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú èjìká méjèèjì, tàbí kí ó súnmọ́ ọn gan-an, kí bọ́ọ̀lù sì ti gòkè. Ajubọ́ọ̀lù tó ń jù láti òkè àti èyí tó ń jù láti ẹ̀gbẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní ibi yìí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí olúkúlùkù ṣe tẹ àyà rẹ̀. Nítorí náà, bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ bá rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àyà rẹ̀ ti yí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀, tí apá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá pariwo mọ́ ọn pé kó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, yóò sún èjìká mọ́ etí, apá rẹ̀ yóò sì túbọ̀ pẹ́ sí i. Mo ti rí ọmọ kan tí wọ́n fi odindi sáà ìdíje kan kọ́ láti gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tó ń balẹ̀ sí ọ̀nà òdì ni gbogbo wàhálà náà. Wọ́n tún ibi tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ sí ṣe, ìgbọ̀nwọ́ sì wá sí àyè rẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró níbi tí ẹsẹ̀ ti balẹ̀. Ṣé ìbàdí ti ń yí nígbà tí èjìká ṣì dojú kọ ẹ̀gbẹ́? Ṣé ìgbésẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀, tó sì dojú kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ? Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí fídíò náà lọ títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́, kí ẹ sì wo orúnkún iwájú. Bí ó bá ń wó síwájú títí bọ́ọ̀lù fi lọ, ọmọ ń pàdánù eré níbẹ̀, nítorí pé orúnkún náà yẹ kí ó le, kí ó sì máa nà bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 13 kò lè ṣe èyí, kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ ohun tí a sọ, ẹsẹ̀ wọn ni kò tíì lágbára tó láti dá ara dúró.

* * *

Òǹkàwé kan ní bí a bá ṣe ń ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa le bí igi lórí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí. Òótọ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó yẹ kí bọ́ọ̀lù tàbí ara lọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí igun oríkèé. “Balẹ̀ lórí ìlà tí mo fà yìí” dára ju “má ṣe ṣí ìbàdí rẹ” lọ.

Èmi a máa lo ìdánrawò méjì ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú àkọ́kọ́, ọmọ yóò rìn wọ inú jíjù: ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìdúró, kí ó sì jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ara tó ń rìn kì í ráyè ronú, ìbàdí sì máa ń ṣáájú èjìká fúnra rẹ̀. Nínú ìkejì, yóò ya ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti balẹ̀, yóò ti ìwúwo ara lọ sẹ́yìn, yóò sì ti í padà síwájú, kí ó tó jù. Ìdajì agbára tó fún ìdánrawò méjèèjì, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ní ti aṣọ ìnura tí àwọn kan ń fì dípò bọ́ọ̀lù, mi ò kà á sí nǹkan: ó fúyẹ́ jù, apá kì í sì í dé ní àkókò tó yẹ kó dé bí kò bá sí ìwúwo lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò bá mi jà lórí èyí, kò burú.

* * *

Wàyí o, bọ́ọ̀lù tó wúwo. Àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń bú u jọ ń ṣàsọdùn.

Ó ń fi kún eré lóòótọ́. Nínú ìwádìí kan tí Michael Reinold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2018, wọ́n mú ajubọ́ọ̀lù 38 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 18, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 6 dá ìdajì wọn lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí ìwúwo rẹ̀ wà láàárín áúńsì 2 sí 32. Eré àwọn wọ̀nyí fi ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Fún ọmọ tó ń ju máìlì 62, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí máìlì 2. Èjìká wọn sì tún ń yí lọ sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní dígírì 4.3. Ibi tí àwọn olùtajà kì í dé nìyí: ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo bọ́ọ̀lù olóríṣiríṣi ìwúwo náà ló fara pa, nígbà tí kò sí ẹnì kankan tó fara pa nínú ìdajì kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó wúwo náà sì yára sí i láàárín àkókò kan náà, nítorí pé wọ́n ń ṣe ìdánrawò deedee, wọ́n sì ń dàgbà.

Ìwádìí kékeré ni, mo gbà. Ẹnì kan rán mi létí pé àwọn ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi Driveline Baseball ní ìpínlẹ̀ Washington ti fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ran ọ̀pọ̀ àgbà ajubọ́ọ̀lù lọ́wọ́. N kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tí egungun rẹ̀ ti gbó ni wọ́n sábà ń sọ, ẹni tí a ń wọn apá rẹ̀, tí a sì ń ka iye tó ń jù. Egungun ọmọ ọdún 13 kò tíì pa pọ̀ níbi tó ti ń dàgbà, yálà ní ìgbọ̀nwọ́ tàbí ní èjìká. Ní ọjọ́ orí yẹn, okùn tó so egungun ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ sábà máa ń lágbára ju ibi ìdàgbà egungun tí a so ó mọ́ lọ. Bí wọ́n bá fa á ju bó ti yẹ lọ, okùn kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́, egungun ni. Ìyẹn ni ohun tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń pè ní ìgbọ̀nwọ́ Little League. Nítorí náà, ìdáhùn mi fún akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ni rárá, títí egungun ọmọ yóò fi gbó, tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ láti ṣàkóso rẹ̀.

Ẹnìkan tún béèrè nípa jíjù bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà jíjìn. Ó dára, níwọ̀n bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ gbọọrọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí Birmingham yẹn wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé jíjù tó lọ ní ìlà gbọọrọ títí dé mítà 37 tàbí 55 fara jọ ti orí òkìtì, àmọ́ bí a bá ní kí ajubọ́ọ̀lù jù ú dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, yóò tẹ ara sẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yóò sì gba ìlọ́ tó pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

* * *

Òǹkàwé kan ní: “Bọ́ọ̀lù tó ń ṣẹ́ kọ́nà ló ń ba apá àwọn ọmọ jẹ́, ẹ kò sọ ìyẹn.”

N kò sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2002, ìwádìí tí Stephen Lyman ṣáájú rẹ̀ lórí ajubọ́ọ̀lù 476 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9 sí 14 fi hàn pé ewu ìrora èjìká fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù tó ń ṣẹ́ kọ́nà, ewu ìrora ìgbọ̀nwọ́ sì fi ìdá 86 pọ̀ sí i lára àwọn tó ń ju síláídà, bọ́ọ̀lù tó yára tó sì ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ìlọ́ tó ń bá apá àwọn ọmọ nínú iyàrá ìwádìí lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù tó ń sáré tààrà ni ìlọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, kì í ṣe èyí tó ń ṣẹ́ kọ́nà. Tèmi ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù tààrà, kí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣéńjọ́ọ̀pù, èyí tó ń rọra bọ̀ láti tan onígi, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, jẹ, tó sì rọrùn fún apá jù lọ nínú ìwọ̀n wọn. Síláídà lè dúró dìgbà tó bá dàgbà. Iye tí ọmọ ń jù ló yẹ kí a máa jà lé lórí.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ó sì jọ pé òun ni àwọn òbí ń fi ojú fò jù, torí pé kò dùn ún sọ bí ọ̀rọ̀ eré.

MLB, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àti àjọ USA Baseball gbé ìlànà Pitch Smart jáde ní ọdún 2014. Fún ọmọ ọdún 13 àti 14, jíjù 95 ni òpin fún ọjọ́ kan. Bó bá ju bọ́ọ̀lù 21 sí 35, yóò sinmi ọjọ́ kan. 36 sí 50, ọjọ́ méjì. 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta. 66 lọ sókè, ọjọ́ mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ ju íníńgì (ìpín ìdíje) 100 lọ láàárín oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù kí ó tún jókòó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi nínú ìdíje kan náà. Ó kéré tán, kí ó kúrò nídìí jíjù fún oṣù mẹ́rin lọ́dọọdún, kí méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ sì tẹ̀ lé ara wọn.

Ibi tí ìlànà náà ti wá kò ṣókùnkùn. Glenn Fleisig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún 10 tọ ipa ọmọ 481 tó jẹ́ ajubọ́ọ̀lù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Àwọn tó ju íníńgì 100 lọ lọ́dún ní ìlọ́po 3.5 ewu láti fara pa gidigidi ju àwọn yòókù lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2006, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wé àwọn tí apá wọn dá ṣáṣá. Ewu iṣẹ́ abẹ jẹ́ ìlọ́po 5 fún àwọn tó ń kópa nínú ìdíje ju oṣù 8 lọ lọ́dún, ó sì jẹ́ ìlọ́po 36 fún àwọn tó sábà máa ń jù nígbà tí ó ti rẹ apá wọn. Ẹ tún un kà: àárẹ̀ apá ni, ìlọ́po 36. Ẹ wá fi èyí wé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní kí ọmọ fi gbogbo ọdún jù, lójoojúmọ́, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó wúwo.

Ohun tí ìwé tí wọ́n fi ń ka bọ́ọ̀lù kì í mú dáadáa ni àwọn bọ́ọ̀lù tí kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ọmọ tó ju 70 nínú ìdíje ti ju ọ̀pọ̀ mìíràn láti fi mú ara gbóná, ó sì lè wà nínú ẹgbẹ́ kejì tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ kò mọ ohun tó ṣe lánàá. Òbí nìkan ló lè ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ má fi sí orí.

* * *

Ẹnì kan ní àwọn ará Japan ń ju bọ́ọ̀lù láìkà, wọ́n sì ń bí àwọn ajubọ́ọ̀lù ńlá. Ó yẹ kí a yà síbẹ̀ díẹ̀.

Lóòótọ́ ni pé ní ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama gbogbo Japan ní pápá Koshien nígbà ìrúwé ọdún 2013, Tomohiro Anraku, ọmọ ọdún 16, ju bọ́ọ̀lù 772 nínú ìdíje náà nìkan. Ariwo tó tẹ̀ lé e kò sì kéré, ní Japan fúnra rẹ̀ pàápàá. Ní ọdún 2019, Roki Sasaki, tó ti ju bọ́ọ̀lù kìlómítà 163 láàárín wákàtí kan nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní ọjọ́ àṣekágbá ìpínlẹ̀ Iwate, torí pé ó ti ju bọ́ọ̀lù 129 ní ọjọ́ tó ṣáájú, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sì kọ̀ láti jẹ́ kó jù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, wọn kò dé Koshien, àwọn ènìyàn sì bú akọ́nimọ̀ọ́gbá náà gidigidi. Sasaki ń ju bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà lónìí. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti fi ààlà sí iye tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè jù ní Japan, bọ́ọ̀lù 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lójú tèmi, 500 ṣì pọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ má sọ fún mi mọ́ pé Japan kì í kà.

* * *

Òǹkàwé mìíràn ní: “Ṣùgbọ́n eré ni àwọn tó ń wá ajubọ́ọ̀lù ń wò. Ọmọ tí kò bá yára, wọn kò ní rí i.”

Èyí ni àríyànjiyàn tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, mi ò sì ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ìpíndọ́gba eré bọ́ọ̀lù tààrà ní MLB jẹ́ máìlì 91.3 ní ọdún 2008; ní ọdún 2024, ó ti di 94.2. Ọjà náà ti sọ ohun tó ń wá. Àmọ́ inú ìròyìn kan náà tí MLB gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni a ti kà pé iṣẹ́ abẹ Tommy John, èyí tí a fi ń pààrọ̀ okùn ìgbọ̀nwọ́ tó já, láàárín àwọn tó ń fi béésìbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe lọ láti 104 ní ọdún 2010 sí 281 ní ọdún 2024. Iṣẹ́ abẹ yìí ni dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Dodgers tó ń jẹ́ orúkọ náà ní ọdún 1974. Àwọn òbí kan tilẹ̀ ti gbà gbọ́ pé ó ń sọ apá di alágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá a lè ṣe é fún ọmọ tí kò ní àìsàn kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá yára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti fi nǹkan bí ọdún kan tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe. Ara yẹn ló yára.

Kò sì sí ẹni tó ń wá ajubọ́ọ̀lù tó ń fọwọ́ sí ìwé nítorí eré ọmọ ọdún 13. Ọmọ tó ń ju 75 ní ọjọ́ orí yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ tètè dàgbà, àwọn yòókù yóò sì bá a ní ọdún 16.

* * *

Ẹ bi mí léèrè ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ sì ti dúró pẹ́. Ara ni mo máa kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní oṣù tí kò ju bọ́ọ̀lù, kí ó máa jókòó sórí ẹsẹ̀ kí ó sì dìde pẹ̀lú ìwúwo díẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan fò sí ẹ̀gbẹ́ kí ó sì dúró ṣinṣin, kí ó máa fa ìwúwo bọ̀ sí àyà láti mú ẹ̀yìn èjìká le, kí ó sì máa fi ọwọ́ méjèèjì ju bọ́ọ̀lù ìdárayá ńlá mọ́ ògiri láti ìbàdí. Ẹ̀rù gbígbé irin tí àwọn òbí ń ní, pé yóò dá ìdàgbà ọmọ dúró, kò ní ìpìlẹ̀, níwọ̀n bí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá wà níbẹ̀, tí irin náà kò sì wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó jẹun yó, kí ó sì sùn tó. Máìlì tí bọ́ọ̀lù tó wúwo ń ṣèlérí wà nínú èyí, láìsí ewu tó ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ rédà kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìdíje àti ní ìparí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ láàárín méjèèjì. Bó bá wà lójú pápá lójoojúmọ́, gbogbo jíjù yóò di ìdánwò, ọmọ kò sì ní lè ṣe ìdánrawò pẹ̀lú ìdajì agbára mọ́.

Ní ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má bá a jà lórí ìṣọwọ́jù, kò sí ẹni tó ń borí nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìwé tí ẹ ń ka bọ́ọ̀lù sí lọ bá a, kí ẹ sọ iye tí ọmọ lè jù lọ́jọ́ náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé lẹ́yìn iye yẹn, ọmọ lè dúró ní béèsì kìíní tàbí ní ẹ̀yìn pápá. Bí kò bá gbà, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.

Bí ọmọ bá sì sọ pé inú ìgbọ̀nwọ́ ń dun òun, tàbí tí ẹ rí i pé kò lè na apá rẹ̀ tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ó dáwọ́ jíjù dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora láti fi parí ìdíje. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí egungun àwọn ọmọdé, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n ya àwòrán ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, nítorí pé ibi ìdàgbà egungun tó ti ṣí díẹ̀ kì í rọrùn láti rí bí kò bá sí ti apá kejì tí a ó fi wé e.